Ọ̀bẹ Igi tí Ọdẹ́níran Fi Búra

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin tí òjò òwúrọ̀ yìí kò jẹ́ kí ẹ lọ sóko, ẹ sún mọ́ mi. Kí ẹni tó ń jẹ àgbàdo tètè jẹ ẹ́ tán, nítorí n kì í bá ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń dún kẹrẹkẹrẹ sọ̀rọ̀. Èmi Ọláìtán tí ẹ ń wò yìí, ọdún márùndínlógójì ni mo fi gbé ìbọn kọ́ èjìká. Mo ti rí ohun tó jẹ́ pé bí mo bá sọ ìdajì rẹ̀ fún yín, àwọn kan nínú yín kò ní lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé mọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tèmi pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ tú lónìí kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́níran, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, òun náà ló ní kí n máa sọ ọ́ fún àwọn tí ìbúra kì í wọ́n lẹ́nu. Ẹ̀yin náà sì mọ ara yín.

Ọdẹ́níran ní ọ̀rẹ́ kan tí ń jẹ́ Àkàngbé. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́. Bí ọ̀kan bá pa ẹtu, èkejì ní í bá a gbé e délé, bí ọ̀kan bá sì ṣàìsàn, ìbọn èkejì kì í kúrò lára ògiri. Báyìí ni wọ́n ṣe títí ipò Aṣípa ọdẹ fi ṣófo ní ìlú wa. Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ, kéde pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ìrù ẹfọ̀n wọlé lọ́dún náà ni yóò jẹ oyè ọ̀hún. Áà, ojú Ọdẹ́níran kò gbé ibì kan mọ́! Kí ó tó rí ẹfọ̀n rárá ló ti ń kọ́ ìyàwó rẹ̀, Àṣàkẹ́, bí yóò ṣe máa kúnlẹ̀ kí Aṣípa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìbọn méjì dún lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́bàá odò, ẹfọ̀n kan sì ṣubú. Àkàngbé wà lápá òsì rẹ̀, Ọdẹ́níran wà lápá ọ̀tún. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là yín lóye: ọdẹ máa ń mọ ibi tí ọta rẹ̀ gbà. Ọdẹ́níran rí i kedere tí ọta tirẹ̀ wọ inú òkìtì ọ̀gán, tí erùpẹ̀ fò sókè bùù. Ikán ni ọ̀gá mi pa lọ́jọ́ náà, kò pa ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n kí Àkàngbé tó la odò kọjá, Ọdẹ́níran ti gé ìrù ẹran náà mọ́wọ́, ó ń fi ìjálá ki ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ di ẹjọ́. Bí wọ́n sì ti ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn ọdẹ wa ni pé, lọ́jọ́ kẹsàn-án, oníkálukú yóò mú ọ̀bẹ ara rẹ̀ wá sí ojúde Olúọdẹ. Yóò fi eyín di irin ọ̀bẹ náà mú, yóò sì búra pé bí òun bá purọ́, kí irin pa òun. Ẹni tí kò bá lè búra, òun ló jẹ̀bi. Kò sí ìgbẹ́jọ́ mìíràn.

Nígbà tó ku ọ̀la, oúnjẹ kò lọ lọ́fun Ọdẹ́níran. Ó mọ̀ pé irọ́ lòun fẹ́ pa, ẹ̀rù irin sì ń bà á, nítorí ọmọ ọdẹ ni, inú ẹ̀rù yẹn ni wọ́n bí i sí. Ó jókòó nídìí ààrò, ó ń fi igi ayìn sun iṣu. Igi náà gùn, ìdajì rẹ̀ wà nínú iná, ìdajì yọ síta. Ó wò ó títí. Ó fa igi náà yọ, ó gé apá tó ń jó kúrò, ó sì gbẹ́ apá tó kù bí ọ̀bẹ. Ó fi èédú kùn ún, ó fi òróró pa á, ó fi awọ wé èèkù rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ìwọ tí o mọ irin kò lè mọ̀ pé kì í ṣe irin. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ta ni yóò pa mí? Igi tí mo fi sun iṣu ni?” Ó jẹ iṣu rẹ̀ tán, ó sùn fọnfọn.

Ilẹ̀ mọ́, àwọn ọdẹ pé. Àkàngbé ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó ti tó ọdún kan nígbà náà tó ti ń jókòó ti àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ àwọn wòlíì Heberu ìgbàanì lábẹ́ igi máńgòrò. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bínú sí mi. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n náà. N kò ní fi eyín kan irin, nítorí irin ni mo fi ń ṣiṣẹ́, òun kọ́ ló dá mi. Ọlọ́run tó dá mi gbọ́ ohun tí mo wí. Mo ti sọ ọ́.”

Ariwo ta. “Ẹni tí kò lè búra, ó mọ ohun tó ṣe!” Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọ́n ń sọ nìyí. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà.

Ọdẹ́níran bọ́ síwájú, ó fi eyín di ọ̀bẹ rẹ̀ mú gírígírí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n àgbọ́njù kì í mọ ibi tí à á dúró sí? Kò fẹ́ dárúkọ irin rárá, kí irin má baà gbọ́. Nítorí náà, nígbà tó yọ ọ̀bẹ kúrò lẹ́nu, ó na án sókè, ó sì ké pé, “Bí èmi kọ́ ni mo pa ẹfọ̀n yìí, kí ohun tí mo fi eyín mú yìí sọ mí di irú ara rẹ̀!” Gbogbo ọdẹ pàtẹ́wọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tirẹ̀ ti balẹ̀ ná.

Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ Àkàngbé. Wọ́n ní kí ó má ṣe wọ igbó wa mọ́. Kò bú Ọdẹ́níran, kò ṣépè fún un, ó kàn wò ó ni, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù lójú ẹlòmíràn. Ó mú aya rẹ̀, ó jáde nílùú. Ọdẹ́níran di Aṣípa, Àṣàkẹ́ sì kúnlẹ̀ bó ṣe kọ́ ọ.

Oṣù kẹta ni ọmọ-ìka ẹsẹ̀ òsì Ọdẹ́níran di igi.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ó fẹ́ fi omi fọ ẹsẹ̀ ni, ó gbọ́ kó, kó, kó, bí ìgbà tí a bá fi ìka kan ilẹ̀kùn. Ó wò ó, igi ayìn ni, pẹ̀lú ìlà ara igi. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo ìka ẹsẹ̀ náà ti tẹ̀lé e. Ó sáré mú ọ̀bẹ igi náà sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà, ó bẹ̀ ẹ́, ọ̀bẹ kò fèsì. Ó da epo sí i lórí, ó pa àkùkọ fún un, kò fèsì. Ó bú u ti ìyá ti bàbá, kò fèsì. Ó wá sọ ọ́ sínú iná, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń ta á, tó ń rú èéfín. Ó fi ariwo fà á yọ. Òrìṣà, bí o ò lè gbè mí, fi mí sílẹ̀ bí o ṣe bá mi: èyí kò gbè é, kò sì fi í sílẹ̀.

Àṣàkẹ́ gbọ́ ariwo, ó wọlé, ó rí ẹsẹ̀, ó rí ọ̀bẹ. Obìnrin olóye ni, kò ṣòro fún un láti so méjì pọ̀.

Ó ní, “Bàbá Ṣíjúadé, ṣé ọ̀bẹ tí ẹ fi búra rèé?”

Ọkọ rẹ̀ fi ọ̀bẹ náà pamọ́ sẹ́yìn.

“Ta ló pa ẹfọ̀n?”

Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àṣàkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó Àkàngbé ló gbẹ̀bí Ṣíjúadé ọmọ wa. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, mo yí ojú mi sí ògiri nítorí pé mo gbà yín gbọ́. Ẹ dìde, ẹ wá a lọ, kí igi yìí tó dé ahọ́n yín. Bó bá dé ahọ́n, kí lẹ ó fi tọrọ àforíjì? Ẹ má padà wá bá mi láìjẹ́ pé ẹ ti rí i.”

Àánú ara rẹ̀ ṣe Ọdẹ́níran, ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó wọ gbérí ọdẹ rẹ̀, ó ki ọ̀bẹ igi bọ ìgbànú, ó gba ọ̀nà tí Àkàngbé gbà lọ, ọ̀nà Igbó Aláìdáhùn. Ẹ̀yin kò lè wọ igbó yẹn. Èmi pàápàá, ìdajì rẹ̀ ni mo wọ̀, mo sì mọ ìdí tí mo fi padà.

Kò tíì rìn jìnnà tí iwin kan fi dábùú ọ̀nà fún un nídìí igi àràbà. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní, ó nípọn bí odó, eyín rẹ̀ sì jáde síta bí eyín ìmàdò. Ó ní, “Ọdẹ, dá mi lóhùn kí o tó kọjá. Kí ni ẹni tó ń gbé e rù ń bẹ̀ pé kó gbé òun?”

Ọdẹ́níran ronú títí. Ó ní, “Ọmọ ni?”

“Ọmọ a máa dàgbà, a sì gbé ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ.”

“Ẹrù ni?”

“Ta ló ń bẹ ẹrù? O kò mọ̀ ọ́n, jẹ́ ká jà!”

Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wó igi, wọ́n hú gbòǹgbò, wọ́n yí ara wọn nínú ẹrẹ̀ láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kàn wọ́n lórí. Nígbà tí agbára iwin náà fẹ́ pin, ó bẹ̀rẹ̀, ó gé Ọdẹ́níran jẹ lójúgun òsì. Pẹ́ẹ́! Eyín méjì kán. Igi ló gé jẹ! Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń jó káàkiri lórí ẹsẹ̀ kan, ẹ̀rín sì pa ọ̀gá mi láìka gbogbo ìyà rẹ̀ sí. Iwin ní, “Máa lọ, máa lọ. Ìdáhùn wà níwájú. Bí o bá ti mọ̀ ọ́n, pariwo rẹ̀, n ó gbọ́.”

Ibi tí Ọdẹ́níran jáde sí ni ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Gbérù-Má-Sọ̀. Ìgbà yẹn, igi ti dé ìbàdí rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá wọ́ ara rẹ̀ lọ. Gbogbo ènìyàn ìlú náà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló gbé òrìṣà rù. Òmíràn gbé ti òkúta, òmíràn ti idẹ, òmíràn ti amọ̀. Ọrùn wọn ti wọ́, ojú wọn kò kúrò nílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni kò tíì rí ojú ọ̀run láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n lè sọ láìbúra. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ara wọn pé ẹ káàárọ̀, wọ́n á fi ẹrù orí búra pé òwúrọ̀ ni, ẹni tí wọ́n kí á sì yẹ òjìji ara rẹ̀ wò nílẹ̀ kó tó gbà.

Ọdẹ́níran tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tó gbé òkúta ńlá rù. Obìnrin náà ní, “Mo fi ti orí mi yìí búra, omi kò sí nílé mi.” Bẹ́ẹ̀ omi ń kán láti ẹnu àmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdẹ́níran ní òun rí omi. Obìnrin náà ní, “Kò sí ẹni tó ń gba ìbúra gbọ́ níbí. A kàn ń bú u ni.” Ó sì bu omi fún un.

Kò tíì mu ún tán tí ilẹ̀ fi mì. Òjò ti rọ̀ lórí òkè láti ọjọ́ mẹ́ta, odò sì ya wọ ìlú lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí àgbàrá rí, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá mi ṣe ròyìn èyí, ó ju gbogbo wọn lọ. Omi gbé àká, ó gbé ewúrẹ́, ó gbé òrùlé. Àwọn ènìyàn náà di ẹrù orí wọn mú, wọ́n ń ké sí i, “Gbé mi o! Gbé mi o!” Òkúta kò gbé ẹnikẹ́ni, ó ń rì ni, ó sì ń fa ẹni tó dì í mú lọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́níran léfòó! Ìdajì ara rẹ̀ ti di igi, igi kì í sì í rì. Ó ń fò lókè omi bí ọkọ̀, ó ń pariwo, “Ẹ jù ú sílẹ̀! Ẹ jù ú sílẹ̀, kí ẹ di ẹsẹ̀ mi mú!”

Obìnrin tó fún un lómi wò ó. Ó wo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ju òkúta sómi, ó sì so mọ́ ẹsẹ̀ Ọdẹ́níran. Àwọn tó rí i ṣe bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló fà gúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá mọ ọdẹ mìíràn tó fi ẹsẹ̀ méjì gba ènìyàn mẹ́tàdínlógún là, ẹ pè é wá kó wá bá mi jókòó.

Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, obìnrin náà na ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó rí ọ̀run, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ogún ọdún ni mo fi gbé e. Ojoojúmọ́ ni mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé mi.”

Ọdẹ́níran fò sókè lórí igi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ké tagbáratagbára, “Òrìṣà àfọwọ́gbẹ́ ni! Òun ni ẹni tó ń gbé e ń bẹ̀ pé kó gbé òun!” Lọ́nà jíjìn, nínú igbó, wọ́n gbọ́ tí iwin eléyín kíkán fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ìgbà náà ni obìnrin náà na ìka sí ìgbànú rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá? Èyí tí ẹ ń gbé ńkọ́?” Ọdẹ́níran fa ọ̀bẹ yọ, ó jù ú sódò, ṣùgbọ́n bó ti ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni igi gòkè láti ìbàdí dé àyà. Ó tún wọ́ lọ mú un padà létí omi, ó kì í bọ ìgbànú.

Ó rìn, ó rá, ó yí gbirigbiri, títí ó fi dé oko bàrà kan tó tẹ́jú lọ salalu. Ère pọ̀ nínú oko náà, àwọn tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ẹyẹ. Wọ́n na apá sílẹ̀, ẹyẹ sì bà lé wọn lórí, wọ́n ń yàgbẹ́ sí wọn léjìká. Ọdẹ́níran wo ojú ọ̀kan, ó rí i pé gbérí ọdẹ ló wà lára rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan dìde láàrin ewé bàrà. Ó ní, “Má wulẹ̀ kí i, kò lè dáhùn. Ọdẹ bíi tìrẹ ni. Ahọ́n rẹ̀ kú nígbà tó ku ìbùsọ̀ kan kó dé ibi tó ń lọ.”

“Ẹ gbà mí, bàbá! Kí ni mo ṣe? Igi lásán ni mo fi búra, kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀!”

“Ohun tó ń pa ọ́ gan-an nìyẹn,” ni bàbá náà wí. “Jókòó. Tàbí bí o kò bá lè jókòó, fara tì mí. Nígbà láéláé, nílẹ̀ àwọn Heberu, Ọlọ́run rán àwọn wòlíì. Àgbẹ̀ ni òmíràn nínú wọn, darandaran ni òmíràn. Wọ́n dúró lẹ́nu ibodè, wọ́n ń sọ fún ará ìlú pé, ‘Ẹ gé igi kan, ẹ fi ìdajì dáná, ẹ forí balẹ̀ fún ìdajì. Lówùúrọ̀, Ọlọ́run lẹ fi ń búra, tó bá di ìrọ̀lẹ́, Báálì òrìṣà yín ni. Ẹni tí ẹ fi búra ni ẹ ń pè ní ọ̀gá yín. Bí ọ̀gá yín bá jẹ́ òfo, kí ni ẹ̀yin náà yóò dà?’ Wọ́n fi àwọn wòlíì náà ṣẹ̀sín. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n ju òmíràn sínú kòtò ẹrẹ̀. Ọmọ mi, ìwọ rò pé ọgbọ́n lo dá fún irin. Irin kì í ṣe ọlọ́run, igi kì í ṣe ọlọ́run. Ẹni tí o purọ́ níṣojú rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, o kò sì rí i.”

Ọdẹ́níran bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, “Ó ti parí fún mi nìyẹn.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn wòlíì kan náà ló sọ pé ẹni tó bá kọ́ láti sọ òtítọ́ níṣojú Ọlọ́run, Ọlọ́run yóò tún un kọ́, bó ti wù kí ó wó tó. Iná kò lè jó ọ̀bẹ yẹn, odò kò lè gbé e. Ẹnu tó so ó ni yóò tú u. Àkàngbé wà lẹ́yìn òkè yẹn. Dìde, jẹ́ ká lọ.”

“N kò lè rìn mọ́, bàbá.”

“Mo mọ̀.” Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀, ó ní, “Gùn mí lẹ́yìn. Ohun tí o gbẹ́, ìwọ lò ń gbé e kiri. Ẹni tó dá ọ kì í sọ pé kí o gbé òun. Òun ló ń gbé ọ láti inú oyún títí di ọjọ́ tí irun rẹ fi funfun.”

Báyìí ni arúgbó ṣe pọn Aṣípa ọdẹ sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́. Ọ̀gá mi sọ fún mi pé gbogbo ọ̀nà yẹn lòun fi sunkún, pé láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, ẹnikẹ́ni kò gbé òun rí. Wọ́n gòkè, igi dé ọrùn. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, igi dé àgbọ̀n. Nígbà tí wọ́n fi máa rí èéfín ahéré Àkàngbé, orí ahọ́n rẹ̀ ti ń le. Arúgbó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí Ọdẹ́níran sì yí ojú wá a, kò rí i mọ́.

Àkàngbé ń hun àpẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti gba ìbọn rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ó mọ̀ ọ́n. Kò dìde.

Ọdẹ́níran ya ẹnu. Ẹ wo bí àṣà ṣe ń gbé inú ènìyàn! Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni, “Mo fi…” Ó fẹ́ búra! Kíá, ìdajì ahọ́n rẹ̀ di igi. Ìdajì ló kù. Ó pa ojú dé, ó fi ìdajì yẹn tì í síta, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ti òkúta, “Ìwọ… lo… pa á. Mo… purọ́.”

Àkàngbé gbé àpẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ó lé ní oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń pe aya mi ní aya olè. Inú ń bí mi sí ọ, Ọdẹ́níran. Inú ń bí mi débi pé mo ti gbàdúrà kí n má ṣe rí ọ mọ́.” Ó dìde, ó bu omi sínú igbá. “Ṣé o fẹ́ mu omi?”

“Mo fẹ́,” ni Ọdẹ́níran wí, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé ó jáde ketekete. Ahọ́n rẹ̀ ti rọ̀. Bí omi ti ń lọ lọ́fun rẹ̀ ni igi ń sọ̀kalẹ̀, láti ọrùn dé àyà, láti àyà dé ìbàdí, títí ó fi ku ẹsẹ̀ òsì nìkan. Àkàngbé wò ó. Ó ní, “Ó ku ibi tí irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.” Àwọn méjèèjì mọ ibi tó ń wí. Wọ́n padà sílé pọ̀.

Àwọn ọdẹ pé lójúde Olúọdẹ. Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀: òkìtì ọ̀gán, igi ayìn, èédú, òróró. Ó gbé ọ̀bẹ igi síwájú wọn. Ìbínú ru, ìpòrúùru bá wọn. Olúọdẹ dìde, ó fa ọ̀bẹ irin tirẹ̀ yọ, irin tòótọ́. Ó ní, “O purọ́ fún wa nígbà ìṣáájú. Báwo la ó ṣe mọ̀ pé kì í ṣe pé Àkàngbé ti fún ọ ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kí o lè wá sọ èyí? Fi eyín di irin yìí mú, kí o búra pé òtítọ́ lo sọ lónìí. Bí o bá búra, a ó gbà á, a ó sì foríjì ọ́. Bí o kò bá búra, a ó gba oyè rẹ, a ó gba ìbọn rẹ, ìwọ àti Àkàngbé yóò sì jọ jáde nílùú.”

Ọdẹ́níran wo irin náà. Ó rọrùn. Òtítọ́ ló fẹ́ sọ, kí ni ìbúra kan yóò pa lára? Ó wo Àṣàkẹ́ láàrin èrò. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ gba ìbọn. N kò ní fi eyín kan nǹkan kan mọ́. Ọlọ́run gbọ́ mi nígbà tí mo purọ́, ó sì ń gbọ́ mi báyìí. Àkàngbé ló pa ẹfọ̀n. Mo ti sọ ọ́.”

Wọ́n na ọwọ́ sí ìbọn rẹ̀. Ohùn kan sọ lẹ́yìn wọn pé, “Mo gbà á gbọ́.”

Àkàngbé ni. Ó bọ́ sáàrin agbo, ó dúró ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ léjìká. “Èmi tí ó fi irọ́ rẹ̀ lé kúrò nílùú, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gbọ́ láìbúra. Ta ni nínú yín tí ọ̀ràn yìí dùn jù mí lọ?”

Olúọdẹ dúró pẹ̀lú irin lọ́wọ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nígbà tó ṣe, ó ki ọ̀bẹ bọ inú àkọ̀, ó sì mú ìrù ẹfọ̀n fún ẹni tó ni ín. Ọdẹ́níran kò rí èyí, nítorí ó ti jókòó sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pa ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó gbóná. Ara ni.

Ibi tí ọ̀gá mi sọ ọ́ dé nìyí, èmi náà kò fi kún un. Ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ bá dé láàrin àwa ọdẹ ìlú yìí lónìí, ẹ kò ní rí ẹni tó mú ọ̀bẹ wá. Olúọdẹ yóò jẹ́ kí oníkálukú sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó le ju irin lọ: “Nínú àwọn tó mọ̀ ọ́, ta ló gbà ọ́ gbọ́?”